Bí a ṣe ń ka àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan ní Houston lásìkò ooru

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé sí Houston ní oṣù Keje sábà máa ń sọ pé òun ti mọ ooru láti ilé, pé kò sí ohun tí Texas fẹ́ fi han òun. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò pé. Láàárín oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ooru ọ̀sán ní Houston máa ń tó nǹkan bíi 95 Fahrenheit, èyí tí í ṣe 35 Celsius, lọ́jọ́ tí kò sí ohun àrà kankan. Lọ́dún tó bá le, ó máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa: ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ẹ̀rọ ìwọnooru tó wà ní pápákọ̀ òfurufú Bush ka 109 Fahrenheit, nǹkan bíi 43 Celsius, èyí tó bá ooru tó ga jù lọ tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ fún ìlú náà dọ́gba, ìyẹn ti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000.

Síbẹ̀, nọ́ńbà ńlá tí fóònù ń gbé síwájú wa yẹn kọ́ ló yẹ kí a fi ṣètò ọ̀sẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ Houston nígbà ooru, òun ni mo kà sí èyí tó wúlò kéré jù, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Àìkú. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ooru òru, wákàtí tí òjò lè rọ̀, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí Òkun Gulf, omi ńlá tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn ìlú náà, ni àwọn ohun tó ń yàtọ̀. Àwọn ni wọ́n ń pinnu bóyá ẹni tó ń kan òrùlé yóò ṣiṣẹ́ dé ilẹ̀ láìdákú, bóyá Màmá tó wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun lè jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, àti bóyá a lè ṣe àríyá Ọjọ́ Àbámẹ́ta níta.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ibi tí a ó ti kà á

Ẹ ṣí weather.gov lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà ZIP, ìyẹn nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́, àdúgbò yín sí i. National Weather Service, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ojú ọjọ́, ló ni ín. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ìpolówó ọjà níbẹ̀. Wọ́n ní ọ́fíìsì kan tó ń kọ àsọtẹ́lẹ̀ fún Houston, Galveston àti agbègbè wọn, àwọn tó wà níbẹ̀ sì mọ ìṣesí òkun àti ilẹ̀ agbègbè náà dáadáa. Nọ́ńbà ZIP ṣe pàtàkì nítorí pé ìlú náà gbòòrò gan-an: lọ́jọ́ kan náà, Galveston tó wà létí òkun lè wà ní 90, kí Katy tàbí Conroe tó jìnnà sí omi sì wà ní 98. Ẹni tó ń gbé ní Alief tó sì ń ka ti Galveston, ìlú onílùú ló ń kà.

Ẹ má ṣe gbára lé àwòrán kékeré tí fóònù máa ń fi síwájú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ inú oṣù Keje ni yóò ya ìkúukùu àti mànàmáná sí, kò sì ní sọ bóyá òjò ogún ìṣẹ́jú ni tàbí ti ọjọ́ kan gbáko.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú ni mo gbà pé ó dára jù láti kà á. Ọjọ́ méje ni àsọtẹ́lẹ̀ náà ń dé, ṣùgbọ́n a kò lè fọkàn tẹ gbogbo rẹ̀ bákan náà. NOAA, tí í ṣe òbí National Weather Service, sọ pé àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ márùn-ún máa ń tọ̀nà ní nǹkan bí ìgbà 90 nínú 100, ti ọjọ́ méje ní nǹkan bí ìgbà 80, nígbà tí ti ọjọ́ mẹ́wàá sókè kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì lọ. Nítorí náà, ẹ lè ṣe ìpinnu tó dúró lórí ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ gbà pé ti Ọjọ́bọ̀ sí Àbámẹ́ta ṣì lè yí, kí ẹ sì padà wò ó lálẹ́ Ọjọ́rú kó tó di pé ẹ san owó àgọ́ àti àga.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi Fahrenheit sórí

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Fahrenheit 77 ni Celsius 25, 86 ni 30, 95 ni 35, 104 sì ni 40. Bí Fahrenheit bá fi 9 gòkè, Celsius yóò fi 5 gòkè. Ẹni tó bá ti mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sórí kò nílò ìṣirò mìíràn nínú ooru.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo omi tó wà nínú afẹ́fẹ́

Òógùn ni ara ènìyàn fi ń tutù, àmọ́ èyí tó ń ṣàn sílẹ̀ kò ṣe wá láǹfààní púpọ̀. Èyí tó bá gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kún fún omi, òógùn kò ní gbẹ bó ṣe yẹ, ooru yóò sì há sínú ara. Nígbà ooru, atẹ́gùn tó ń ti ìhà gúúsù àti gúúsù ìlà-oòrùn fẹ́ wọ Houston ń kọjá lórí omi Gulf tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì ń ru omi náà wọ ìlú lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí 95 ti Houston fi ń ni ènìyàn lára ju 105 ti Phoenix, ìlú inú aṣálẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, lọ lójú ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gbé ibi méjèèjì.

Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé àdúgbò yín lórí weather.gov, ẹ ó rí àwòrán kan tí wọ́n pè ní Hourly Weather Forecast. Ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò sì ṣí àwọn ìlà tó ń sọ bí ọjọ́ yóò ṣe rí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìlà pupa ni ooru, èyí tó ní àwọ̀ ewé sì ni dew point, ìyẹn ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tutù dé kí ìrì tó sẹ̀. Bí dew point bá wà lábẹ́ 60, ara yóò tu yín. Bó bá wọ 70, aṣọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Bó bá ti kọjá 75, ìgbà tí ẹ bá jáde nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́, gíláàsì ojú yín yóò bo fún ìrì kí ẹ tó dé ìdí mọ́tò. Mo fẹ́ kí ẹ máa wo dew point ju ọ̀rinrin tí wọ́n ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún kọ lọ, nítorí pé ìyẹn máa ń tan ènìyàn jẹ: yóò ga ní òwúrọ̀ tó tutù, yóò sì wálẹ̀ ní ọ̀sán tó gbóná, nígbà tí omi inú afẹ́fẹ́ kò tíì yí padà rárá.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo heat index, nọ́ńbà tó pa ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ láti sọ bó ṣe ń rí lára. Nínú àtẹ National Weather Service, 96 pẹ̀lú ọ̀rinrin 40% máa ń rí lára bíi 101, ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá di 50%, 96 kan náà yóò di 108. Kódà, 90 pẹ̀lú ọ̀rinrin 70% ti tó nǹkan bíi 105, tó túmọ̀ sí pé ọjọ́ tó dà bí ẹni pé ó rọ̀ lè fi ìyà jẹ ara ju èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga lọ. Ẹ rántí pé abẹ́ òjìji ni wọ́n ṣe àtẹ náà fún. Bí ẹ bá dúró sínú oòrùn gan-an, ó lè fi tó 15 lé sí i. Ẹni tó ń gé koríko tàbí tó ń to bíríkì gbọ́dọ̀ ṣírò èyí mọ́ tirẹ̀.

Bí heat index bá ń lọ sí 108, ọ́fíìsì ti Houston máa ń gbé Heat Advisory, ìyẹn ìkìlọ̀ ooru, jáde; bó bá ń lọ sí 113, ó di Extreme Heat Warning, ìkìlọ̀ tó le jù bẹ́ẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Excessive Heat Warning títí di ọdún 2025. Bí ẹ bá rí Watch, ó ń sọ pé nǹkan náà lè ṣẹlẹ̀, ẹ múra sílẹ̀. Warning ń sọ pé ó ti dé tàbí pé ó kù sí dẹ̀dẹ̀. Máápù kan tún wà tí wọ́n ń pè ní HeatRisk, tó ń lo àwọ̀ láti orí ewé dé yẹ́lò, ọsàn, pupa, títí dé àwọ̀ pọ́pù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń ka ooru òru àti iye ọjọ́ tí ooru ti fi wà mọ́ ìṣirò rẹ̀, kò dúró lórí ọ̀sán kan péré.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Fóònù tó máa ń han gooro nígbà tí ìjì oníjàǹbá tàbí àgbàrá bá ń bọ̀ kì í han fún ìkìlọ̀ ooru. Bí ẹ kò bá wá ìkìlọ̀ náà lọ, kò ní wá yín wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo ooru òru

Ojú ewé náà máa ń kọ ooru tó kéré jù fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fojú fò ó. Ní ìgbà ooru, òru Houston sábà máa ń sọ̀ dé nǹkan bíi 75 tàbí 76. Bí ẹ bá rí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra tí òru kò sọ̀ kalẹ̀ kọjá 80, ẹ mọ̀ pé ara kò ní rí àyè sinmi, ilé alájà tí ooru ti wọ̀ kò ní tutù kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tó sì fara da Ọjọ́ Ajé lè ṣubú ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ pe Bàbá tó ń dá gbé lórí fóònù lówùúrọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń fẹ́ tútù, kí ó má kàn jẹ́ pé ó ń dún lásán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka òjò bó ṣe yẹ

Bí wọ́n bá kọ 30% sí òjò Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò túmọ̀ sí pé òjò yóò rọ̀ ní ìdá ọgbọ̀n ọjọ́ náà. Ó ń sọ pé ní ibi tí ẹ wà gan-an, nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, òjò yóò kàn yín ní mẹ́ta. Òjò ìgbà ooru ní Houston máa ń rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́: ó lè da omi sórí títì Bissonnet kí títì Westheimer gbẹ táútáú. Afẹ́fẹ́ òkun ló sábà ń fà á. Bí ilẹ̀ bá ti gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ tútù láti Gulf àti Galveston Bay yóò ta wọ inú ìlú, yóò sì ti afẹ́fẹ́ gbígbóná sókè, ìjì àrá yóò sì bẹ̀rẹ̀ létí òkun nítòsí ọ̀sán, kó tó máa lọ sí àríwá títí di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, ẹ padà sínú àwòrán wákàtí-wákàtí, kí ẹ wo aago tí ìlà òjò yóò gòkè. Bó bá jẹ́ aago kan sí aago mẹ́fà, ìsìn àárọ̀ kò ní ìṣòro, àríyá aago méje alẹ́ náà sì lè ríbi gbà. Ti aago mẹ́ta ni ẹ gbọ́dọ̀ gbé wọlé.

Ọ̀sẹ̀ kan tún lè wà tí òjò kò ní sí rárá. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ wúwo kan ti jókòó lórí Texas, tó ń tẹ ìkúukùu mọ́lẹ̀ tí kò jẹ́ kó ga. Ó sì lè jẹ́ eruku Sàhárà. Àwa tí a dàgbà sínú ọyẹ́ mọ eruku aṣálẹ̀ náà. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, ó máa ń gba orí òkun Àtìláńtíìkì kọjá dé Texas. Ojú ọ̀run yóò funfun, oòrùn yóò pọ́n nígbà tó bá ń wọ̀, òjò yóò dín kù, ẹni tí mímí máa ń ni lára yóò sì mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.

Bí òjò náà bá wá pọ̀, ọ̀rọ̀ di ti ojú ọ̀nà. Omi tó ń ṣàn tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 6 lè gbé àgbàlagbà ṣubú, ti ínǹṣì 12 lè gbé ọkọ̀ kékeré, ẹsẹ̀ bàtà 2 sì lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá lọ. Abẹ́ afárá àti ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kún. Ẹ wo máápù Houston TranStar, tó ń fi bí ojú ọ̀nà ṣe rí hàn, kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì ṣẹ́rí padà bí ẹ bá débi tí ẹ kò ti rí ìlà tí wọ́n kùn sí ojú títì mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wo Gulf lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá ni ìgbà ìjì ńlá. Ẹ ṣí nhc.noaa.gov, ti National Hurricane Center tó wà ní Miami, kí ẹ sì wo máápù ọjọ́ méje. Bí wọ́n bá fi yẹ́lò kùn ibì kan, kò tíì tó 40% pé ìjì yóò dìde níbẹ̀. Àwọ̀ ọsàn jẹ́ 40% sí 60%. Pupa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìjì bá ti ní orúkọ, wọn yóò ya ohun kan tó fẹ̀ lọ síwájú láti fi hàn ibi tí àárín ìjì náà lè gbà. Kì í ṣe bí ìjì náà ṣe fẹ̀ tó nìyẹn, òjò àti atẹ́gùn rẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níta ìlà náà.

Hurricane Beryl fi hàn ìdí tí ọ̀rọ̀ ìjì kò fi ṣeé yà kúrò lára ọ̀rọ̀ ooru. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje ọdún 2024 ló wọ ilẹ̀ nítòsí Matagorda, nígbà tí agbára rẹ̀ sì wà ní ìpele kìíní péré, ó gba iná lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ooru dé lẹ́yìn ìjì náà, àìmọye ilé sì wà láìsí iná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí ẹ bá rí pupa lórí máápù náà, ẹ má ṣe rò pé omi mímu nìkan ló ṣe kókó nínú ìmúrasílẹ̀ yín: ẹ mọ ilé ẹni tí ẹ ó sá lọ bí iná bá lọ, kí ẹ kún táńkì epo ọkọ̀, kí ẹ sì fi omi di yìnyín sínú fíríìsà. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ nínú gáráàjì láé, bí ilẹ̀kùn rẹ̀ tilẹ̀ ṣí. Èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tó lè jí ẹni tó ń sùn.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ wá ṣètò ọ̀sẹ̀

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ọjọ́ méje náà sí i, kí ẹ sì kọ heat index, ooru òru àti aago òjò sí iwájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pín iṣẹ́ sí i. Nítorí bí wọ́n ṣe ń yí aago síwájú ní wákàtí kan nígbà ooru níbẹ̀, oòrùn kì í dé àtàrí ní Houston títí di nǹkan bí aago kan àbọ̀ ọ̀sán, ooru sì máa ń dé òpin rẹ̀ láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tó bá sá fún aago méjìlá tó wá jáde ní aago mẹ́rin kò tíì sá fún ohunkóhun. Kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù ni kí ẹ parí iṣẹ́ ọgbà, ìrìn eré ìdárayá àti ọjà tó gba ìdúró pẹ́.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níta gbọ́dọ̀ máa mu ife omi kan ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 20, òùngbẹ ì báà gbẹ ẹ́ tàbí kó má gbẹ ẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ ọjọ́ kan nínú ooru lọ́jọ́ kìíní, kó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ara tó mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé pẹ̀lú, bó tiẹ̀ lágbára bí ẹ̀kùn.

Àwọn òbí wa tó wá kí wa ni wọ́n máa ń ṣòro jù. Màmá yóò ní ẹ̀rọ amúlétutù ń mú òtútù wọ eegun òun, yóò pa á, yóò sì ṣí fèrèsé. Ẹ fi sí 78, ẹ bá a wá aṣọ olówó gígùn àti ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kó pa á. Fáànù nìkan kò tó bí ooru inú yàrá bá ti kọjá 90, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná ni yóò máa fẹ́ sí i lára. Bó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń mú kí ènìyàn tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ bó ṣe yẹ kó ṣe nínú ooru. Ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín.

Ní ti àríyá, oúnjẹ ni mo máa ń ronú kàn ṣáájú àgọ́. Nínú ooru tó bá ju 90 lọ, kò yẹ kí ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹran díndín wà níta ju wákàtí kan lọ láìsí ohun tó ń mú un gbóná tàbí tútù. Ẹ máa bù ú jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú kúlà. Ẹ tún sọ fún alága ìdúró pé kí ó má pe àwọn tó wé gèlè tí wọ́n sì wọ aṣọ òkè jáde sínú oòrùn fún fọ́tò ní aago mẹ́rin.

Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kódà fún ìṣẹ́jú tí ẹ ó fi ra búrẹ́dì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ti tó láti fi nǹkan bí 20 Fahrenheit kún ooru inú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí tó dákú nínú ooru, ẹ pe 911 kíá, ẹ gbé e sí òjìji, ẹ da omi sí i lára, kí ẹ sì fi yìnyín sí ọrùn àti abíyá rẹ̀. Ẹni tó dákú, ẹ má fún un lómi mu.

Bí ẹ bá ń ṣe èyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ó rí i ní nǹkan bí òpin oṣù Kẹsàn-án pé dew point ti sọ̀ sí bíi 55 lójijì, atẹ́gùn sì ti ń ti ìhà àríwá fẹ́ wá. Láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, ẹ lè máa fi Ìgbésẹ̀ kẹta àti ìkẹrin sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìkẹfà kò tíì parí. Ẹ máa wo máápù Gulf títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá.